Bọ́ílà igi mi ń mí gùù-gùù, ilé ń gbọ̀n. Mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀rìn fáànù, pàbó ló já sí

Adánáòru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ iná o. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó tú bọ́ílà yìí palẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Bọ́ílà tó ń sọ igi di gáàsì ni, kílówáàtì 25, irú èyí tí iná rẹ̀ ń dorí kodò: igi wà ní yàrá òkè, gáàsì ń gba ihò inú bíríkì já sí yàrá ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ iná gidi wà. Fáànù rẹ̀ wà lẹ́yìn, èéfín ló ń fà jáde, kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Tánkì ooru tó ń gbé omi gbígbóná sí gba lítà 1,500. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lò ó. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tí mo bá ti dáná tán, mo lè gbàgbé pé ó wà nínú ilé.

Láti ìgbà tí òtútù ọdún yìí ti dé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tí mo bá dáná, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni fún bí ìdajì wákàtí. Tó bá wá tó ogójì ìṣẹ́jú, tí yàrá òkè ti gbóná dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é. Gùù, gùù, gùù, gùù, bí ajá ńlá tó sáré dé tó wá na ara sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á kọ́kọ́ rọra ṣe é, lẹ́yìn náà á wá le. Ilẹ̀kùn òkè á máa gbọ̀n lórí ìkọ́ rẹ̀, páànù tó bo ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà á máa dún jàn-ìn jàn-ìn, èéfín díẹ̀díẹ̀ á sì máa tú jáde pùù lójú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú. Orí yàrá bọ́ílà yìí gan-an ni yàrá tí ọmọ mi obìnrin ń sùn wà. Lálẹ́ Sátidé ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Bàbá mi, ife orí tábìlì mi ń rìn." Mo bá a gòkè lọ wò ó. Lóòótọ́ ni, ife ń rìn.

Fáànù ni mo fura sí. Mo tú u, mo bá ọ̀dà tó ti gan mọ́ abẹ́ rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ fá a kúrò títí ó fi mọ́. Mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀rìn méjèèjì. Ó ń yí báyìí bí òkòtó. Mo pààrọ̀ okùn tó ń dí ẹnu ilẹ̀kùn. Mo fi rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ bọ́ílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo dáná, ogójì ìṣẹ́jú pé, gùù, gùù, gùù.

Ọ̀kan ló kù kí ẹ tó dá mi lóhùn: igi mi kì í ṣe igi tútù, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lábẹ́ òrùlé. Èmi fúnra mi ni mo là á wẹ́wẹ́, kò sí èyí tó nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ọ̀rinrin kà á sí ìdá 11 nínú 100. Ta ló tún ní igi tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀?

Kòsíwàhálà

Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi irin dábùú ilẹ̀kùn òkè, mo dì í pinpin, ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Tí igi bá sì gbẹ jù, ẹ bu omi sí i lára kí ẹ tó kó o wọlé. Ó tán.

Baba Ìbejì

Kòsíwàhálà, wàhálà gan-an lẹ fẹ́ bá wa dá sílẹ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn tó ń gbọ̀n kọ́ ni àìsàn, òun ló ń ké fún yín pé inú ń run bọ́ílà. Ẹ fi irin dè é lẹ́nu, inú kò ní yé run ún, èéfín á kàn wá ibòmíràn gbà jáde ni. Omi tí ẹ sì bù sí igi kò ní wọ inú rẹ̀ lọ. Ara èèpo ni yóò ti gbẹ, á di oruku omi, á lọ lẹ̀ mọ́ irin, ọ̀dà á sì pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe é o.

Adánáòru, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ojú rẹ̀ ríran. Kí n tó dé ọ̀rọ̀ igi yín, ìbéèrè kan: ṣé ẹ lè fi ẹnu ka ìmí náà? Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí ahọ́n yín má kọsẹ̀? Nítorí bó bá ti ṣe é kà, ẹ ti ná owó bẹ́ẹ̀rìn lásán. Mọ́tò fáànù irú bọ́ílà wa sábà máa ń yí tó ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan, níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 hertz (ìyẹn ni pé ó ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ pín in sí 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 47 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹnu tó lè ka ìyẹn. Fáànù tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wúwo ju èkejì kì í dún gùù, gùù. Hìnnnn ló ń dún, bí oyin tó há sínú agolo, ọwọ́ yín á sì ti mọ̀ ọ́n lára irin kí etí tó gbọ́. Kódà bí ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, ó ṣì ju ogún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń mí bí ajá yẹn, iná ni.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ dúró kí bọ́ílà tutù pátápátá. Kò sí igi nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀yinná. Ẹ wá tan fáànù nìkan, kí ẹ gbé e láti eré tó kéré jù dé èyí tó ga jù. Ẹ mú igi gígùn kan, ẹ fi orí kan ti ara fáànù, kí ẹ fi etí ti orí kejì. Ohun tó bá gbọ̀n nígbà tí iná kò sí, irin ló ń gbọ̀n. Ohun tí kò bá gbọ̀n àfi tí iná bá dé, ẹ fi irin sílẹ̀.

Wàyí o, igi yín. Ẹ má bínú sí mi, igi yín ni.

Ohun tí bọ́ílà yìí ń ṣe ni pé ó ń se igi ní yàrá òkè, kò kọ́kọ́ jó o. Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé jó díẹ̀ lára rẹ̀, ooru ìyẹn ń lé gáàsì jáde lára ìyókù, fáànù ń fa gáàsì náà gba ihò bíríkì kọjá, afẹ́fẹ́ kejì sì ń pàdé rẹ̀ nínú ihò náà (imú iná ni èmi ń pè é) kí ó tó jó tán ní ìsàlẹ̀. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ wà lé lórí. Bí gáàsì bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ kejì lọ, apá kan rẹ̀ kọjá láìjó, ó kóra jọ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó wá bá afẹ́fẹ́ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbiná: gùù! Ìgbiná yẹn ti gáàsì padà sókè, ihò há fún ìṣẹ́jú kékeré, èéfín tú jáde níwájú bí ẹ ti rí i. Lẹ́yìn náà fáànù tún fà á, ó tún kóra jọ, gùù! Bó ṣe ń mí nìyẹn.

Ohun tó fi ń lágbára sí i ni pé yàrá òkè náà dà bí ìgò tí èèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ́nu, ó ní ìró tirẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1859, onímọ̀ kan ará Netherlands, Pieter Rijke, gbé àwọ̀n irin gbígbóná sí apá ìsàlẹ̀ páìpù kan tó dúró lóòró, páìpù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Lord Rayleigh, onímọ̀ kan ará England, ló wá ṣàlàyé rẹ̀ ní 1878: bí ooru bá ń wọlé lásìkò kan náà gan-an tí afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀, ìró yóò máa ga sí i, bí ìgbà tí ẹ bá ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà, tí ẹ ń tì í ní àsìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Nítorí náà ẹ wò ó fún mi: bí igi bá ti jó dé ìdajì, tí àyè inú yàrá òkè ti gbòòrò, ṣé ìmí náà kì í falẹ̀?

Igi tó gbẹ tó ìdá 11, tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá la gẹdú kan sí mẹ́jọ bí a ti ń la àgbọn, ojú ara rẹ̀ tí iná lè jẹ á ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ṣírò ó. Kò sí ọ̀rinrin tó máa dá ooru dúró nínú rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú pé, gbogbo yàrá òkè ń tú gáàsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ kejì kò lè bá a. Ìdá 15 sí 20 ni wọ́n ṣe bọ́ílà wọ̀nyí fún.

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn tún wà nídìí rẹ̀, nítorí igi nìkan kì í sábà mú ife rìn. Ẹ yẹ àwọn páìpù tí èéfín ń gbà kọjá láàárín omi wò, bóyá eérú ti dí wọn. Ẹ yẹ síkúrù afẹ́fẹ́ kejì wò, èyí tí a fi ń dín in kù tàbí fi kún un. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí báyìí, ẹ pa fáànù fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yóò dákẹ́.

Àjọkẹ́ Oníomi

Baba, mo gbà pẹ̀lú yín ní gbogbo ọ̀rọ̀, ó ku ti ìparí yẹn. Ẹni tí yàrá òkè rẹ̀ kún fún gáàsì, ẹ ní kó pa fáànù? Gáàsì kò ní dúró láti máa tú jáde nítorí pé fáànù dúró. Ó ń kóra jọ ni. Tí fáànù bá tún bẹ̀rẹ̀, tí ó wá bá ẹ̀yinná pàdé, kì í ṣe gùù ni yóò ṣe mọ́, gbàà ni. Mo ti rí ilẹ̀kùn tó ṣí fúnra rẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀, irun ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ sì jó. Ẹ kàn dín eré fáànù kù, kí ẹ sì dín afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ kù díẹ̀. Ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn òkè lásìkò tó ń mí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà àbùjá tí èéfín ń gbà lọ tààrà sí ọ̀pá èéfín, ẹ dúró, kí ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n ìka kan péré, kí ẹ tún dúró.

Adánáòru, èéfín tó ń tú pùù sínú yàrá yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, kí ife tó rìn. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń pani, wà nínú rẹ̀, ó wà lára gáàsì tí bọ́ílà yín ń ṣe kó lè jó o. Kò ní òórùn. Ọmọ sì ń sùn lókè. Ṣé ẹ̀rọ ìkìlọ̀ wà ní yàrá bọ́ílà, ṣé òmíràn wà ní yàrá ọmọ? Bí kò bá sí, ẹ má dáná lálẹ́ títí yóò fi wà.

Iṣẹ́ tèmi jẹ́ ti omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yọ ti omi kúrò nínú ọ̀rọ̀. Bí ariwo bá ń dún pọ̀kọ̀-pọ̀kọ̀ bí kẹ́tùlù tó fẹ́ hó, nígbà tí ojú ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru ń fi 70 tàbí 75 dígírì hàn, omi ń hó níbì kan tí ẹ kò rí, bóyá nítorí pé pọ́ǹpù kò gbé omi tó, tàbí pé èépá funfun omi líle ti bo inú irin. Bí ó bá ń dún wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú pọ́ǹpù, atẹ́gùn ló há síbẹ̀, tàbí kí ìfúnpá omi ti lọ sílẹ̀ jù. Tí bọ́ílà bá tutù, bar 1 sí 1.5 ló sábà máa ń tó fún ilé alájà méjì. Ariwo omi kì í tẹ̀lé ìṣẹ́jú ìdáná bí tiyín. Pọ́ǹpù ló ń tẹ̀lé. Nítorí náà mi ò rò pé ọ̀dọ̀ tèmi lọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ wọn bí ọ̀pá èéfín ṣe ń fà. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ bu omi sínú abọ́ kan tó fẹ̀, ẹ fi aró díẹ̀ pa á láró kí ẹ lè rí i, ẹ ki ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú lè là kọjá sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ rọ́bà náà sórí pátákó tó dagun: ní gbogbo mílímítà 10 tó bá lọ, kó gòkè ní mílímítà 1. Ẹ ki ẹnu kejì sínú ihò kékeré lára ọ̀pá èéfín, lẹ́yìn fáànù. Omi tó bá gòkè ní mílímítà 1 lóòró jẹ́ nǹkan bí Pascal 10 (Pascal la fi ń wọn ìfúnpá). Lórí pátákó yìí, yóò rìn tó mílímítà 10, ojú yín á lè kà á. Ẹ wá fi wé ohun tí ìwé bọ́ílà yín sọ.

Baba Ìbejì

Àjọkẹ́, ẹ gba mí níbẹ̀. Mo ti ń pa fáànù tèmi láti ọdún yìí wá, orí ló ń yọ mí. Mo ti jáwọ́.

Adánáòru

Ẹ ṣé gan-an. Mo ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀ méjì lánàá, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní yàrá ọmọ. Mi ò ní ṣàwáwí, ó yẹ kí ó ti wà tipẹ́.

Ó ṣe é kà. Mo jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú aago: mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, nígbà tí igi ti lọ sílẹ̀, méjì. Nígbà tí mo rí i pé ó falẹ̀ lóòótọ́ bí Baba ṣe wí, mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀rìn méjì!

Mo tan fáànù ní tútù. Kò sí gùù kankan. Hìnnn kékeré kan wà ní ibì kan ṣoṣo láàárín eré rẹ̀, tí mo bá kọjá ibẹ̀, ó dákẹ́. Mo fi í sílẹ̀ ná.

Omi tí mo pa láró náà rìn tó mílímítà 18 lórí pátákó. Ìwé bọ́ílà mi ní kí ó wà láàárín Pascal 15 sí 20. Ọ̀pá èéfín kò ní ẹ̀bi.

Ìbéèrè Baba nípa páìpù èéfín ló wá ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀pá ìwọ̀n ooru èéfín mi máa ń fi nǹkan bíi 170 dígírì hàn ní ọdún tó kọjá. Ní oṣù yìí ó ń lọ sí 235, mo sì rò pé igi mi tó gbẹ ló ń ṣe dáadáa. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn o, mo tilẹ̀ ń yangàn. Mo wá ṣí ẹ̀yìn. Ẹ rántí àwọn irin lílọ́ inú páìpù wọ̀nyẹn, tí a ń fi ọwọ́ irin kan mì láti ìta láràárọ̀ kí eérú lè jábọ́? Ọwọ́ irin tèmi ti já kúrò lára irin tó gbé wọn. Láti ìgbà wo, mi ò mọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń mì í, ó ń dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn, ìkọ́ rẹ̀ nìkan ló ń mì nínú òfìfo. Páìpù méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, ìka mi kékeré kò lè wọlé. Eérú tí mo kó jáde kún garawa kan, ó tún bọ́ sí èkejì.

Baba Ìbejì

Ó rí bẹ́ẹ̀! Ọ̀pá èéfín ń fà dáadáa, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dé inú, nítorí ìdènà wà láàárín òun àti imú iná. Èéfín tó yẹ kó gba gbogbo páìpù ń fi agídí gba ìwọ̀nba tó ṣí, ó ń sáré kọjá, kò dúró kí omi gba ooru lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 235. Ẹ kà á sí ìlànà fún ara yín: bí ooru èéfín bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú igi kan náà, ẹ má yọ̀.

Ó ku síkúrù afẹ́fẹ́ kejì. Ẹ yí i ní ìlàjì yípo kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wo iná láti ojú ihò ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ọwọ́ iná tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó gùn, tó ń lá bíríkì ẹ̀yìn pẹ̀lú èéfín, afẹ́fẹ́ kò tó o. Èyí tó kúrú, tó mọ́lẹ̀ jù, tó ń fò kúrò lẹ́nu ihò bí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ pa, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ wá àárín. Ẹ má yí ti àkọ́kọ́ àti ti kejì pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ sì fi iná tànmọ́lẹ̀ wo imú iná fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí bí ó ti sán tó fi jẹ́ pé gáàsì ń gba ẹ̀gbẹ́ bíríkì kọjá láìbá afẹ́fẹ́ kejì pàdé, gbogbo síkúrù ayé kò ní tún un ṣe.

Kòsíwàhálà

Mo ti yọ irin lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ẹ má bú mi mọ́. Ìbéèrè: tèmi kì í mí, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe GBÒÀÀ lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ igi gbígbẹ?

Baba Ìbejì

Ìyẹn yàtọ̀. Igi yín ti di afárá. Èyí tó wọ́, tó gùn jù, ló há sí ara ògiri méjèèjì, ẹ̀yinná abẹ́ rẹ̀ jó tán, òfìfo kún fún gáàsì, afárá wá já lu ẹ̀yinná. Ẹ gé igi yín kó kúrú ju yàrá lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ tò ó gbọọrọ, kí gbogbo rẹ̀ kọjú síbì kan.

Adánáòru

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, mo fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí n má baà tètè dúpẹ́.

Imú iná kò sán. Síkúrù afẹ́fẹ́ kejì ló ti yí wọlé fúnra rẹ̀, tàbí kí n sọ òótọ́: èmi ni mo yí i nígbà tí mò ń nu iwájú bọ́ílà mọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo rò pé ó tú, mo fún un. Mo dá a padà ní yípo kan àti ààbọ̀, ní ìlàjì-ìlàjì bí ẹ ti wí, fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo tún ọwọ́ irin ṣe pẹ̀lú bóòtù tuntun. Ọjọ́ kìíní lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ mi kan náà, ó ṣì mí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń sùn, kò gbọn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì mo lọ wá igi tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ṣòro láti là, èyí tó nípọn tó itan. Mo la ọ̀kan, mo wọn inú rẹ̀ lójú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là: ìdá 17. Mo fi kún ìdajì yàrá òkè. Ogójì ìṣẹ́jú pé, mo dì mọ́ àga. Ààbọ̀ wákàtí tún kọjá lé e. Ohùn kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ ni ti iná, fuuuu, bí ẹni tó ń fẹ́ ṣìbí gbígbóná. Ooru èéfín wà ní 165.

Mo pe ọmọ mi pé kó wá gbé ife rẹ̀ sórí tábìlì kí a wò ó. Ó ní òun ti ń lo ife náà láti fi gbé pẹ́ńsù, kí n fi ife tèmi wò ó.

Ó ku hìnnn yẹn. Nísinsìnyí tí gùù ti lọ, òun ni mò ń gbọ́ lókè, lórí ibùsùn.

Àjọkẹ́ Oníomi

Ibi kan ṣoṣo láàárín eré rẹ̀, ẹ ní? Nígbà náà fáànù kò ní ẹ̀bi. Ohun kan wà tó máa ń gbọ̀n bí eré fáànù bá bá ìwọ̀n tirẹ̀ mu. Ẹ fi ọwọ́ gbá páìpù omi tó gòkè lọ sí ògiri mú ní àsìkò yẹn. Bí ó bá dákẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ti rí i. Ìkọ́ irin tó dè é mọ́ ògiri ń gbé ìró náà wọ inú sìmẹ́ǹtì, ògiri sì ń gbé e gòkè fún yín.

Adánáòru

Ó dákẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìkọ́ kejì láti ìsàlẹ̀ ni, irin lásán, kò ní rọ́bà nínú. Mo ti fi èyí tó ní rọ́bà pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣé, àǹtí.

Baba, igi wẹ́wẹ́ ṣì kún ilé igi mi dé àjà. Kí ni kí n fi ṣe?

Baba Ìbejì

Ẹ máa fi tanná. Ìkúnwọ́ méjì rẹ̀ lábẹ́, èyí tó nípọn lórí rẹ̀, iná á mú kí ẹ tó yíjú. Ìyókù, ẹyọ kan fún igi ńlá mẹ́rin, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n kóra jọ síbì kan.